Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Joel Fi Ẹ̀gẹ́ Dí

Àǹtí Dorothy, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Bí ẹ bá kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ táyà wọn wò bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Bí ẹ bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ní kí ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ wọn bá já, wọn kò ní jẹun.

Ológeere dúdú ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Bàbá àgbà mi ló rà á fún wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ di tíṣà ní iléèwé Onítẹ̀bọmi kan ní Ìlọrà. Ará Fìdítì ni wá. Láyé ìgbà náà, tíṣà ọkùnrin ló ń gun kẹ̀kẹ́. Tíṣà obìnrin a máa fẹsẹ̀ rìn, tàbí kó dúró de mọ́tò. Bàbá àgbà ní ọmọ òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àǹtí sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jókòó, ó ti bínú tán, kí ọkọ tó wọlé.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Orí wọn ti funfun. Mo máa ń sọ fún wọn pé kẹ̀kẹ́ yẹn ti dàgbà tó ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Wọ́n á ní, "Ìtùnú, ẹnu ẹ yìí ni kò ní jẹ́ kóo rí ọkọ fẹ́."

Èmi náà á ní, "Ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ yín kí n fi wá a lọ."

Wọn kì í yá ènìyàn.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì kan tó ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́ gbá wọn sínú gọ́tà. Egungun èjìká wọn kán. Tóbilọ́ba, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wálé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù. Ó ní, "Màámi, mi ò ní pariwo. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ tún gun nǹkan yìí lórí títì, màá gbé e lọ sí Ìbàdàn, màá sì tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin."

Tóbilọ́ba kì í pariwo lóòótọ́. Ó kàn máa ń ṣe ohun tó bá ti sọ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún Àǹtí láyé, Ọ̀nà Odò. Ọ̀nà àtijọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì, ó gba abẹ́ igi ọsàn sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì, ó wá ń bá Odò Ọlọ́pọ̀lọ́ rìn bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú, títí tó fi gun òkè jáde lẹ́yìn Ìlọrà. Mọ́tò kankan kì í débẹ̀. Ọ̀kadà gan-an kì í gba ibẹ̀, nítorí afárá rẹ̀ kò ju igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n tẹ́ sórí omi lọ. Ohun tó ń dún níbẹ̀ kò ju ọ̀pọ̀lọ́, ẹyẹ, ọparun tó ń ha ara wọn, àti Àǹtí Dorothy tó ń bú gbòǹgbò igi. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlọrà. Wọ́n á mu omi nílé ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á ṣàríwísí ọbẹ̀ ọ̀rẹ́ náà, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ padà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tahirah kó àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wá ọ̀nà tí kò sí mọ́tò, kí wọ́n sì máa gun kẹ̀kẹ́ wo ìlú kiri. Wọ́n dé akoto, wọ́n wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí ẹni pé wọ́n fi kùn wọ́n ni. Gbogbo Fìdítì jáde síta wá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àǹtí dé fìlà koríko wọn, wọ́n gba iwájú, wọ́n sì mú wọn gba Ọ̀nà Odò. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí gbogbo eyín Àǹtí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ náà gan-an sì ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Joel ni mo fẹ́ dárúkọ yìí, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, oko rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè é, ó ju ẹni tó lè bí mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dínà mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kó gba bí mo bá ṣe pè é. Joel ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó wà nínú odò, omi dé ìbàdí rẹ̀, ọṣẹ bo gbogbo orí, ó sì di ojú pinpin. Tahirah ń ya fọ́tò ọparun. Joel bọ́ sínú fọ́tò. Ọmọbìnrin náà kò tiẹ̀ mọ̀ títí tó fi gbé e sórí ayélujára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ti dé orí Wàsáàpù ìjọ wa, aláìníṣẹ́ kan sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Náámánì ń wẹ̀ ní Jọ́dánì."

Ó parí. Láti ọjọ́ náà, bí Joel bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n á pariwo pé, "Náámánì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan kó pé ẹ̀ẹ̀meje!"

Ó wá bá Àǹtí nílé. Wọ́n ń fi epo sí ṣéènì lọ́wọ́.

"Tíṣà, àwọn àlejò yín ti sọ mí di ẹlẹ́yà, mà."

"Ṣé èmi ni mo ní kóo lọ wẹ̀ ni?"

Àǹtí kò gbójú sókè. Joel dúró díẹ̀, ó wo orí wọn, ó lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èmi àti Àǹtí jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì ní Sátidé kan. Èmi ń fẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé wọn, nítorí mo fẹ́ já èso káṣú. Bí a ṣe yọ sí ẹ̀gbẹ́ afárá, ọ̀nà ti pòórá. Ebè ló wà níbẹ̀, láti etí omi títí dé ẹsẹ̀ òkè, igi ẹ̀gẹ́ sì ti ń yọ ewé lórí wọn. Ẹnì kan ti so bàtà jíjá kọ́ igi lẹ́nu ibẹ̀. Ààlè ni, irú èyí tí olóko máa ń fi kìlọ̀ fún olè. Joel jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó dà bíi pé ó ti ń retí wa.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà. Ṣé ìrìn àjò yín ti parí síbí nìyẹn?"

"Joel, kí lo gbìn sójú ọ̀nà?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, mà. Bí ẹ bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, màá bu gàrí fún yín."

"Ojú ọ̀nà nìyí, Joel."

"Ilẹ̀ bàbá mi nìyí, mà. Bàbá mi ló ń jẹ́ kí ẹ máa kọjá. Bàbá mi ti kú."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìṣirò."

"Ẹ kọ́ mi, mà. Ẹ sì nà mí, mà. Èyí tí ẹ nà mí ni mo rántí jù."

Àǹtí yí kẹ̀kẹ́ padà. Nígbà tí a gun òkè dé ibi igi ọsàn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí n nà án sí i ni."

Wọ́n lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ ní kí àwọn méjèèjì gbàdúrà. Wọ́n lọ bá báálẹ̀. Báálẹ̀ ní kí òjò dá ná. Ṣùgbọ́n Tóbilọ́ba kò dúró de òjò. Ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ tó o létí ní Ìbàdàn, ó sì pè lórí fóònù. "Màámi, mo gbọ́ pé ọ̀nà yẹn ti dí. Kẹ̀kẹ́ kò ní ibi tó ń lọ mọ́ nìyẹn. Tí àwọn ọmọ mi bá ti gba ọlidé, mò ń bọ̀ wá gbé e."

Àǹtí gbé fóònù kalẹ̀. Wọ́n lọ tẹ táyà wọn wò.

Bàbá mi, Ọlátúndé, wà nínú ẹgbẹ́ àáró kan pẹ̀lú Joel. Bí àáró ṣe rí nìyí: lónìí gbogbo yín á lọ kọ ebè lóko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn gbogbo wa á lọ sí oko tìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí kiri títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, ọkọ́ ẹnikẹ́ni kò ní wọ oko rẹ̀ mọ́ láéláé. Bàbá Olúdáre ni olórí wọn. Jùwọ́nlọ, tó ń gun ọ̀kadà tó tún ń dáko, ló kéré jù nínú wọn. Ìgbà tó kan oko Joel gan-an ni ẹ̀yìn bàbá mi gán. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń kérora bí ẹran tí wọ́n so mọ́ òòrùn.

Àǹtí dúró lórí rẹ̀. "Ọlátúndé, dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Èmi ni màá lọ dípò ẹ."

"Lọ síbo?"

"Sí oko Joel."

Bàbá mi gbàgbé pé ẹ̀yìn ń dun òun, ó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rán an létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí yín pé?"

"Tó bá wá kan ọjọ́ tìrẹ, èmi ni mo ni ín."

Bàbá mi gbà. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ebè ṣe lọ́dún tí òun kò lè bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ru omi tẹ̀ lé wọn lọ. Nígbà tí Joel rí i pé Tíṣà ló gbé ọkọ́ bàbá mi dání, ẹ̀rín tó rín, àwọn tó wà ní Ìlọrà á ti gbọ́ ọ. Bàbá Olúdáre kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Joel, Ọlátúndé ló rán arọ́pò wá. Ọwọ́ ẹ ló wà. Tí o bá gbà wọ́n lónìí, o ti gbà wọ́n nìyẹn."

"Mo gbà wọ́n, Bàbá! Ẹ jẹ́ kí Tíṣà wá kọ ebè. Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i."

N kò ní purọ́ fún yín nítorí pé ẹbí mi ni wọ́n. Ebè Àǹtí Dorothy kò dára. Ti àwọn yòókù dà bí òkìtì ọ̀gán. Tiwọn dà bí ibojì èkúté, èkúté náà kò sì lówó lọ́wọ́ nígbà tó kú. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ju erùpẹ̀ lù mí.

Joel kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó ń rìn yí wọn ká.

"Tíṣà, ṣé iṣu la fẹ́ gbìn sínú èyí ni, àbí ẹ̀pà?"

"Joel, nígbà tí o gba òdo nínú ìṣirò, ṣé mo fi ẹ́ rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, mà. Ẹ tún ní kí gbogbo kíláàsì bá yín rín in."

"Wọ́n rín in dáadáa."

Joel wá yọ fóònù. Àǹtí tẹ̀ ba nínú ẹrẹ̀, fìlà wọn ti wọ́ sẹ́yìn, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń mí. Ó ya fọ́tò wọn. Ó gbé e sórí Wàsáàpù ìjọ níbẹ̀ lójú gbogbo wa, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo Tíṣà lóko mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú." Mo rò pé Àǹtí á fi ọkọ́ ọwọ́ wọn gbá fóònù náà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n sì ń kọ ebè lọ títí tí olórí fi ní kí gbogbo wọn ṣíwọ́.

Nígbà tí a délé, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti lé ròrò. Mo ń fi òrí pa á fún wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú mọ́ yìí, kí ni Tóbilọ́ba tún fẹ́ wá gbé?"

"Pa á, kóo panu mọ́."

Tóbilọ́ba dé nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ó kan oko tiwọn. Ó gbé mọ́tò síwájú ilé, okùn wà nínú búùtù rẹ̀. Ó kí ìyá rẹ̀, ó jẹun, ó yẹ kẹ̀kẹ́ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Àǹtí ní, "Dúró di ọ̀la. Tí ọ̀nà ò bá ṣí ní ọ̀la, gbé e. Mi ò ní dá ẹ dúró."

Ní àárọ̀, àwọn alááró dé pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá wọn. Joel náà wá. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ ro.

Bàbá Olúdáre ní, "Tíṣà, níbo ni oko yín?"

Àǹtí gun kẹ̀kẹ́. "Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba abẹ́ igi ọsàn. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ Joel wúwo. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ afárá, Àǹtí sọ̀kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn ebè ẹ̀gẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. "Oko mi nìyí. Láti ibí títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀."

Jùwọ́nlọ bú sẹ́rìn-ín. Joel ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀nà kì í ṣe oko!"

Bàbá Olúdáre ní, "Lọ́jọ́ tìrẹ, ta ló bi ẹ́ ní ohun tí o fẹ́ gbìn? Ẹni tó bá ni ọjọ́ ló ni iṣẹ́."

"Bàbá, Tíṣà yìí kò kọ ebè kankan fún mi. Eré ni wọ́n wá ṣe lóko mi. Gbogbo yín ló rí i."

Jùwọ́nlọ ti yọ fóònù rẹ̀. "Díákónì, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbí o. 'Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú.' Gbogbo ìjọ ló kà á. Ìyàwó pásítọ̀ gan-an fi ojú tó ń sunkún sí i."

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ké nínú omi, bí ẹni pé òun náà ti kà á. Bàbá Olúdáre yíjú sí Joel. "Ṣé o fẹ́ jẹ àáró obìnrin yìí mọ́lẹ̀ ni? Àgbàdo ẹ ṣì wà nílẹ̀ tí a ò tíì ro. Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Àǹtí ni Joel kọjú sí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Náámánì ni wọ́n ń pè mí! Lọ́jọ́ ìpàdé àwa díákónì, ẹnì kan ní kí Náámánì ṣàdúrà ìparí. Mo dìde, mo ṣe é. Kí ni mo máa ṣe? Mo wá sílé yín, Tíṣà. Epo lẹ̀ ń fi sí ṣéènì. Ẹ ò tiẹ̀ wo ojú mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín, mo gbé e mì. Àǹtí bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ táyà wò, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ wò.

"Mi ò ya fọ́tò ẹ, Joel."

"Ẹ ò yà á."

"Mi ò lè yọ ọ́ kúrò lójú ayé."

"Ẹ ò lè yọ ọ́."

"Kẹ̀kẹ́ mi ní agogo. Láti ìdí ọparun títí dé afárá, màá máa lù ú. Ẹni tí mo bá sì mú wá á lù ú. Ẹni tó bá ń wẹ̀ á ráyè bo ara ẹ̀."

"Ẹ ò tíì bẹ̀ mí, mà."

"Mi ò bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n wojú ara wọn. Tóbilọ́ba, tó ti bá wa sọ̀kalẹ̀ wá, ti ká okùn mọ́ ọwọ́. Ni Joel bá bẹ̀rẹ̀, ó mú ọkọ́ rẹ̀. N kò gbà pé agogo ló mú kó bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ni. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Kò gé ẹ̀gẹ́ kankan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ebè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ń fa igi ẹ̀gẹ́ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti lọ tún wọn gbìn. Kó tó tú ebè àkọ́kọ́, ó lọ gbé igi ọkọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Àǹtí, ó fi àdá sàmì sí i lára.

"Bí kẹ̀kẹ́ yín ṣe fẹ̀ tó nìyí, mà. Ìka kan kò ní lé e."

"Mi ò tọrọ ìka."

Àwọn yòókù ro ìyókù títí dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n tún gé ẹ̀gún etí omi. Ẹ̀wà àti gàrí ni Àǹtí fi bọ́ wọn. Joel kọ ẹ̀yìn sí wa jẹ ẹ́, ó tún ní kí n bù sí i. Mo bù ú. Tóbilọ́ba wo ọ̀nà, ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo igi ọ̀pẹ méjì tí ìyá rẹ̀ máa ń ti kẹ̀kẹ́ gbà lórí omi. Ó so okùn náà láti igi dé igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, kí ìyá rẹ̀ lè máa rí nǹkan dì mú. Kò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú búùtù òfìfo.

Ẹ̀gẹ́ Joel ti ga báyìí. Bí Àǹtí bá wọ àárín rẹ̀, ewé a máa nù wọ́n lójú lọ́tùn-ún lósì, fìlà nìkan ni à ń rí tó ń lọ. Ìka kan kò lé e lóòótọ́. Mo ti wọ̀n ọ́n. Àǹtí pẹ̀lú kò yẹ àdéhùn. Ìdí ọparun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo. Àfi pé wọn kì í dá a dúró ní afárá. Wọ́n á lù ú kọjá afárá, wọ́n á lù ú wọ inú ẹ̀gẹ́, wọ́n á lù ú títí wọ́n á fi gun òkè.

Joel á nà dìde láàárín oko, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn àti fìlà lórí. "Mo ti gbọ́, mà! Mo ti wọ aṣọ!"

"Mi ò rí ẹ, Joel! Agogo ni mò ń lù!"

"Kí Ọlọ́run já agogo yẹn bọ́!"

"Àmín! Màá ra òmíràn!"

Wọn kò tíì kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ní tèmi ti fi ohùn agogo kẹ̀kẹ́ sí fóònù mi, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn Joel nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ. Ó ti fò sókè lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àpò ọrẹ lọ́wọ́.

Tahirah pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn á tún wá, àwọn sì máa pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún un pé kí olúkúlùkù wọn mú agogo wá, kí ó sì jẹ́ èyí tó ń dún dáadáa, nítorí àdéhùn ni. N kò tíì sọ fún Joel.